Ta Ni Yóò Wọn Kóńgò? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìdánwò Debugger

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó kan àwọn tí ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì kan àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù kọ́ ara wọn nílé. Ẹni tí kò tíì kọ ètò kankan rí náà lè bá wa lọ, nítorí a óò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí a bá ti ń kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra gàárì tàbí ẹ̀wà ní ọjà Èjìgbò mọ kóńgò dáadáa. Òun ni a fi ń mọ̀ bóyá ọjà pé tàbí kò pé. Bí ẹnì kan bá ti lu ìdí kóńgò wọ inú, bó ti wù kí ẹni tí ń wọn ọjà jẹ́ olóòótọ́ tó, ọjà náà kò ní pé. Àìpé ọ̀hún kò sì ní tètè hàn, nítorí ohun tí a fi ń mọ àìpé gan-an ló ti bàjẹ́. Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé: ta ni yóò wọn kóńgò fúnra rẹ̀, kí sì ni yóò fi wọ̀n ọ́n?

Nínú iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, debugger ni kóńgò wa. Òun ni a fi ń mọ ibi tí ètò ti ṣẹ́ kù. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá ń parọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́ kan kọ ètò tí ń ṣírò owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá ìwé mu, ọ̀dọ́ yìí sì fi debugger wá ìdí rẹ̀. Bí debugger bá fi iye tí kì í ṣe òótọ́ hàn án, yóò lọ tún ìlà tí kò bàjẹ́ ṣe, yóò sì fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀. Owó àwọn tó dá a ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe debugger fi gbọ́dọ̀ máa dán an wò ní gbogbo ìgbà, tí ìdánwò náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rọrùn, kí ó sì le gbọn-ín.

KÍ NI DEBUGGER?

Ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ fún ẹ̀rọ láti tẹ̀ lé lẹ́sẹẹsẹ. Bí àṣẹ kan bá ṣì nínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ṣe é bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní bug, ìyẹn kòkòrò. Orúkọ yìí ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1947, àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà Mark II ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, rí àfòpiná gidi nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn.

Debugger ni ètò tí ń bá wa wá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Ó ń dá ètò mìíràn dúró níbi tí a bá fẹ́. Ó ń jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú ètò náà lásìkò tó dúró. Ó sì ń jẹ́ kí a máa tẹ̀ síwájú ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a bá ní kí ó dúró ni wọ́n ń pè ní breakpoint. Àwa yóò máa pè é ní ibùdúró.

Lórí ẹ̀rọ Intel àti àwọn tó jọ ọ́, bí debugger ṣe ń ṣe ibùdúró ni pé yóò yọ báìtì kan kúrò nínú àṣẹ tó wà níbẹ̀, yóò sì fi báìtì tí iye rẹ̀ jẹ́ 0xCC dípò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti kan báìtì yìí, yóò dúró, debugger yóò sì gbọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ kí ètò máa lọ, debugger yóò dá báìtì tó yọ padà sí àyè rẹ̀.

Báwo ni debugger ṣe mọ̀ pé àṣẹ báyìí ló bá ìlà báyìí mu nínú ohun tí a kọ? Compiler, ìyẹn ètò tí ń sọ ohun tí a kọ di èdè ẹ̀rọ, ló kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Lórí Linux, DWARF ni orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé debugger gbára lé ẹni mẹ́ta: compiler tó kọ àkọsílẹ̀, ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà tó gbà kí a dá ètò mìíràn dúró, àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí ìṣe rẹ̀ padà, debugger tó ń sọ òótọ́ lánàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì wá lọ́nà lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Debugger méjì ni a óò máa tọ́ka sí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní ni GDB, tí Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ ní 1986 lábẹ́ iṣẹ́ GNU. Èkejì ni LLDB, tí ilé iṣẹ́ Apple gbé jáde ní 2010, tó sì jẹ́ ara iṣẹ́ LLVM. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka ìdánwò wọn láti orí dé ìdí. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

BÍ ÌDÁNWÒ ALÁDÀÁṢE ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ìdánwò aládàáṣe ni ètò tí ń ṣe bí ẹni tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Yóò tẹ àṣẹ fún debugger, yóò ka ìdáhùn, yóò fi ìdáhùn náà wé èyí tó yẹ kó rí, yóò sì kọ àbájáde sílẹ̀. A lè ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún láìsí pé ó rẹ̀ ẹ́.

Ìdánwò GDB dúró lórí irinṣẹ́ mẹ́ta tó gun ara wọn lórí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni èdè Tcl, tí John Ousterhout ṣe ní Berkeley. Lórí rẹ̀ ni Expect, tí Don Libes ṣe ní NIST. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òṣùwọ̀n ni NIST yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ kóńgò tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà rárá. Lókè wọn ni DejaGnu, tó ń ṣètò ìdánwò, tó sì ń ka iye tó yege àti iye tó kùnà.

Ẹ wo ètò kékeré yìí, tí a kọ ní èdè C. Ẹ jẹ́ ká pe fáìlì rẹ̀ ní dan.c:

int main(void)
{
  int owo = 500;
  int iye = 3;
  int apapo = owo * iye;
  return 0; /* duro sibi */
}

Owó ọjà kan jẹ́ 500, a ra mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1500. Ìdánwò yóò ní kí GDB dúró ní ìlà tí a kọ "duro sibi" sí, yóò sì tẹ àṣẹ "print apapo". GDB yóò dáhùn báyìí: $1 = 1500.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí debugger bá dúró ní ìlà kan, ìlà náà kò tíì ṣiṣẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é ni. Bí a bá fi ibùdúró sí orí ìlà tó ń ṣírò àpapọ̀, ohunkóhun ni a lè bá nínú apapo, nítorí ìṣirò kò tíì wáyé. Ìdí nìyí tí àmì wa fi wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e.

ÀÌSÀN MÉJÌ TÓ Ń PA ÌDÁNWÒ

Àìsàn kìíní ni ariwo. Ìdánwò aláriwo máa ń yege lówùúrọ̀, á kùnà lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó yí padà nínú debugger. Ajá tó ń gbó gbogbo ewé tó bá mì, onílé kì í jí fún un mọ́ lọ́jọ́ tí olè bá dé. Bí ìdánwò bá ti parọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọn kò ní wo ẹ̀ẹ̀kẹfà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹfà ni òótọ́. Àwọn mìíràn máa ń ní kí ẹ̀rọ tún ìdánwò náà ṣe títí yóò fi yege. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn. Bí kòkòrò gidi bá wà tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Àìsàn kejì ni ìfọ́jú, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kì í pariwo. Ìdánwò afọ́jú máa ń yege yálà debugger sọ òótọ́ tàbí ó parọ́. Ká ní ìdánwò wa ń wá "500" nínú ìdáhùn sí "print owo", tí debugger sì ṣi ibi wò, tó mú 1500 wá. Ìdánwò yóò rí 500 ní ìparí 1500, yóò sì ní ó yege. Kóńgò tí a lù nídìí gan-an nìyẹn.

Gbogbo ìmọ̀ràn tó ń bọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àìsàn méjèèjì ló ń wò.

Ọ̀NÀ MẸ́FÀ LÁTI MÚ KÍ ÌDÁNWÒ RỌRÙN KÍ Ó SÌ LE

1. Ètò kékeré, ìbéèrè kan. Ẹ má ṣe gbé ètò ńlá tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn wá fún ìdánwò. Ẹ kọ èyí tí kò ju ìlà mélòó kan lọ, tó jẹ́ pé nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ṣe kọ ọ́. Bí ìdánwò bá bi debugger ní ìbéèrè ogún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìkẹta sì kùnà, ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù máa ṣubú lé ara wọn, kí ẹni tó ń wò ó má sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹyọ kan, orúkọ ìdánwò tó kùnà ti tó láti sọ ohun tó bàjẹ́. Kí orúkọ ìdánwò kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Bí méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, a kò ní mọ èyí tó kùnà nínú wọn.

2. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ìlà ṣe àmì. Bí a bá kọ sínú ìdánwò pé "dúró ní ìlà 6", tí ẹlòmíràn sì fi àlàyé ìlà méjì kún òkè fáìlì, ìlà 6 ti di ibòmíràn. Ìdánwò lè kùnà láìnídìí, tàbí kí ó dúró níbi tí kò yẹ, kí ó sì yege láìnídìí. Ìdí nìyí tí a fi kọ "duro sibi" sínú ètò wa. Nínú ìdánwò GDB, iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ gdb_get_line_number, tó máa ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì, tí yóò sì sọ nọ́ńbà ìlà tó wà. Nínú LLDB, run_to_source_breakpoint ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà yóò máa bá ìlà rẹ̀ rìn níbikíbi tó bá lọ.

3. Ẹ dúró de ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ má ṣe dúró de aago. Ọ̀pọ̀ ìdánwò aláriwo, ibí ni àìsàn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ̀wé rẹ̀ ní kí ó sùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, pẹ̀lú èrò pé ètò yóò ti ṣetán nígbà náà. Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń dín eré kù láti tọ́jú agbára. Ìṣẹ́jú àáyá méjì kò wá tó mọ́. Bí a bá sọ ọ́ di ogún, ẹ̀rọ tó yára yóò máa fi àkókò ṣòfò lásán.

Ohun tó tọ́ ni pé kí ìdánwò dúró títí yóò fi rí àmì pé iṣẹ́ ti parí. Nínú GDB, àmì náà ni ọ̀rọ̀ "(gdb)" tó máa ń jáde nígbà tí debugger bá ṣetán láti gba àṣẹ tuntun. Òótọ́ ni pé a ṣì nílò gbèdéke àkókò, kí ìdánwò má baà dúró títí láé. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni gbèdéke tí Expect máa ń lò bí a kò bá sọ òmíràn. Ṣùgbọ́n gbèdéke yàtọ̀ sí oorun. Oorun gbọ́dọ̀ pé kí ìdánwò tó lọ. Gbèdéke kì í gba àkókò kankan bí nǹkan bá lọ déédéé. Nítorí náà, a lè fi í sí ibi tó gbòòrò láìsí ìpàdánù. Bó bá sì jẹ́ ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ ni debugger fẹ́ dì mọ́, kí ètò náà ṣẹ̀dá fáìlì kékeré kan nígbà tó bá ṣetán, kí ìdánwò sì máa wá fáìlì náà.

Àwọn oníṣẹ́ GDB tún ní ọgbọ́n kan tó dára. Bí a bá tẹ àṣẹ "make check-read1", wọn yóò mú kí ìdánwò máa ka ìdáhùn debugger ní báìtì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìdánwò tó ń yára pinnu kí ìdáhùn tó pé, yóò tú síta níbẹ̀. Dípò kí wọ́n máa dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò falẹ̀, ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ìfàlẹ̀ sílẹ̀ láti fi wá kòkòrò.

4. Ẹ béèrè iye, ẹ má ṣe fojú sí ìrísí ọ̀rọ̀. Ẹ padà wo "$1 = 1500". Àmì $1 yẹn túmọ̀ sí pé ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyí láti ìgbà tí debugger ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fi àṣẹ print kan ṣáájú, yóò di $2. Ìdánwò tó ń wá "$1 = 1500" yóò kùnà láìsí pé iye yí padà. Èyí tó ń wá " = 1500", títí dé ìparí ìlà, kò ní kùnà bẹ́ẹ̀, kò sì ní gba 15000 tàbí 11500 wọlé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn àmì kan ní ìtumọ̀ mìíràn nínú àpẹẹrẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀: àmì ìdánudúró lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí, nítorí náà "3.5" lè gba "345" wọlé bí a kò bá ṣọ́ra.

LLDB gba ọ̀nà tó tún dára ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ìdánwò rẹ̀ ni a kọ ní èdè Python, tí wọn kì í sì í ka ohun tí debugger kọ sójú ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń bi í tààrà pé: èló ni iye apapo? Nọ́ńbà ni yóò padà wá, kì í ṣe gbólóhùn. Bí wọ́n bá tún gbólóhùn debugger kọ lọ́la kí ó lè dùn ún kà, ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ rárá. Àwọn ìdánwò díẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ wà tí ń wo gbólóhùn, nítorí gbólóhùn ni ènìyàn ń kà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá wà lọ́tọ̀, kí wọ́n má sì pọ̀.

5. Ẹ gbá ilé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí kan àwa ará Èjìgbò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ló ń gbé ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Ká ní ẹ̀gbọ́n wà ní Abidjan, àbúrò wà ní Èjìgbò, wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n lè wà ní èdè Faransé. Níbẹ̀, ètò lè fi àmì kómà kọ ìdajì nọ́ńbà, kí 3.5 di 3,5; aago ibẹ̀ sì fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí ti Nàìjíríà. Ìdánwò tó bá gbára lé èdè tàbí aago yóò yege nílé àbúrò, yóò kùnà nílé ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì yóò sì máa bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan.

Ẹ wo èyí náà. Bí a bá kọ "Èjìgbò" sínú ètò, pẹ̀lú àmì ohùn tó so pọ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀, báìtì 9 ni yóò gbà ní ìlànà UTF-8. Bí a bá kọ àmì ohùn lọ́tọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà, yóò gba báìtì 12, bẹ́ẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ kankan lójú. Lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní UTF-8, GDB yóò kọ orúkọ náà bó ti rí. Lórí èyí tó wà ní ìlànà C, tí kò mọ àmì ohùn, ohun tí GDB yóò kọ fún ti àkọ́kọ́ ni "\303\210j\303\254gb\303\262". Ìdáhùn méjèèjì ló tọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò tí kò sọ èyí tó ń retí yóò dàrú.

Ìdí nìyí tí ìdánwò GDB fi máa ń ṣètò àyíká rẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ó ń fi LC_ALL sí C kí èdè má baà yàtọ̀. Ó ń lo -nx kí debugger má baà ka ìlànà àdáni tí onílé kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó ń fi gíga àti fífẹ̀ ojú ìwé sí 0, kí debugger má baà dúró láàárín ìdáhùn láti béèrè bóyá kí òun máa bá a lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú debugger tuntun, kí ó má ṣe gbára lé ohun tí ìdánwò ìṣáájú fi sílẹ̀. Èyí tí a bá lè dá ṣe, tí a sì lè ṣe ní ìṣètò èyíkéyìí, òun ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

6. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò kọ́kọ́ kùnà lójú yín. Èyí ni òògùn ìfọ́jú. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ìdánwò tán, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun tó ń wò jẹ́. Ẹ sọ iye di 4 nínú dan.c, kí àpapọ̀ di 2000. Bí ìdánwò bá ṣì ń sọ pé ó yege, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé kò tíì di ìdánwò. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe kan nínú debugger ni ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ àtúnṣe náà, kí ẹ rí i pé ìdánwò kùnà. Ẹ wá dá a padà, kí ẹ rí i pé ó yege. Bí a ṣe ń wọn kóńgò nìyí: ẹ fi ọjà tí ẹ ti mọ̀ pé kò pé sínú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò sọ òótọ́.

ORÚKỌ TÓ TỌ́ FÚN ÀBÁJÁDE

Kì í ṣe gbogbo ìkùnà ló rí bákan náà. Àwọn oníṣẹ́ GDB mọ èyí, wọn kò sì fi "ó yege" àti "ó kùnà" nìkan mọ. PASS ni pé ó yege. FAIL ni pé ó kùnà. KFAIL ni pé kòkòrò tí a ti mọ̀ nínú GDB ló fà á, tí a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. XFAIL ni pé a retí ìkùnà náà, nítorí ohun tó wà lóde GDB ló fà á, bí compiler tàbí ètò aṣàkóso. UNSUPPORTED ni pé ẹ̀rọ yìí kò ní ohun tí ìdánwò nílò. UNTESTED ni pé a kò dán an wò rárá.

Òótọ́ sísọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ètò ìdánwò kò bá ṣeé kọ́ lórí ẹ̀rọ kan, kí a sọ pé a kò dán an wò. Kí a má ṣe kọ ọ́ mọ́ àwọn tó yege. Kí a má sì máa fi KFAIL bo ohun tí a kàn ń ṣọ̀lẹ láti tún ṣe.

ṢÉ IṢẸ́ KÒ TI PỌ̀ JÙ?

Ẹlòmíràn lè sọ pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù fún ìdánwò lásán. Ìdáhùn wa ni pé a kò ní láti máa kọ ọ́ lákọ̀tún nígbà gbogbo. Ohun tí gbogbo ìdánwò ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí ibi kan, kí gbogbo wọn máa pè é. Run_to_source_breakpoint tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń gbé ètò sókè, ó ń fi ibùdúró síbi àmì, ó ń mú ètò rìn, ó sì ń rí i dájú pé ibẹ̀ gan-an ló dúró. Ìlà kan ṣoṣo ni ẹni tó ń kọ ìdánwò yóò kọ. Bí àtúnṣe bá pọn dandan lọ́la, ibi kan ni a óò ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Bí ìdánwò bá kún fún "bó bá rí báyìí, ṣe tibí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún", òun fúnra rẹ̀ ti di ètò tó nílò ìdánwò. Kí ẹni tó bá ṣí fáìlì ìdánwò lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì mọ ohun tó ń béèrè láìbi ẹnikẹ́ni.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, tí gcc àti gdb wà lórí rẹ̀, lè ṣe èyí nírọ̀lẹ́ kan:

(a) Ẹ kọ dan.c bí a ti kọ ọ́ lókè, kí ẹ sì tẹ: gcc -g -O0 dan.c -o dan. Àmì -g ló ń ní kí compiler kọ àkọsílẹ̀ fún debugger. -O0 ló ń ní kí ó má ṣe gé ohunkóhun kúrò láti fi wá eré.

(b) Ẹ tẹ: grep -n "duro sibi" dan.c. Yóò sọ nọ́ńbà ìlà tí àmì wà.

(d) Ẹ fi nọ́ńbà náà sí ibi tí a kọ 6 sí níbí: gdb -nx -batch -ex "break dan.c:6" -ex run -ex "print apapo" ./dan. Ẹ wá " = 1500" nínú ìdáhùn.

(e) Ẹ sọ iye di 4, ẹ tún dan kọ́, kí ẹ rí i pé ohun tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́.

(ẹ) Ẹ fi ìlà àlàyé méjì kún òkè fáìlì, kí ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó di ìlà 6 mú àti sí ẹni tó ń wá "duro sibi".

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Nínú ìdánwò aláriwo àti ìdánwò afọ́jú, èwo ló léwu jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín oorun àti gbèdéke àkókò?
3. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ fi ibùdúró sí orí ìlà tó ń ṣírò ohun tí a fẹ́ wò?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó lè mú kí ìdánwò kan yege ní Èjìgbò, kí ó sì kùnà ní Abidjan.
5. Bí ìdánwò kan kò bá tíì kùnà rí láti ọjọ́ tí a ti kọ ọ́, kí ni a mọ̀ nípa rẹ̀?

Kí ẹ jíròrò ìbéèrè karùn-ún yìí láàárín ara yín, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́. Òun ló gba àròjinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn.